Ẹ̀rín Ni Owó Iṣẹ́ Wa: Ìrírí Mi Lórí Bí Ọ̀dọ́ Ṣe Ń Fòòró Ọ̀dọ́ Lórí Ayélujára

Ó ti lé ní ọdún méje tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn, ìbéèrè kan sì wà tí àwọn òbí kì í yé bi mí nígbàkígbà tí ọ̀ràn fóònù bá dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ wọn. Wọ́n á ní, "Tíṣà, kí ló dé tí àwọn ọmọ ìwòyí burú tó báyìí? Kí ni ẹni tí wọ́n ń bú yẹn ṣe fún wọn?" Mo mọ ìdáhùn tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Wọ́n fẹ́ kí n sọ pé ẹgbẹ́ búburú ni, tàbí pé ọmọ tí ó ṣe é kò rí ẹ̀kọ́ ilé kọ́, tàbí pé fóònù ni ó ba ayé jẹ́, kí oníkálukú lè máa lọ sílé rẹ̀ kí ó sì gbà pé ọmọ ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. N kì í tètè dá wọn lóhùn, nítorí pé èmi náà ti ṣe é rí. Ilé tí ọmọ kò ti gbọdọ̀ kí àgbà ní ìdúró ni wọ́n ti tọ́ mi, ìyá mi kò sì fi pàṣán ṣeré.

Ọdún 2012 ni, mo wà ní SS2. BlackBerry ni gbogbo ayé ń lé nígbà náà, ẹni tí kò bá sì ní PIN, nọ́ńbà tí a fi ń rí ara wa lórí rẹ̀, tí yóò fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dà bí ẹni tí kò tíì dé ìlú. Èmi kò ní fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá, ni ó ní BlackBerry Curve kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán, tí ó fi rọ́bà so pọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí n lò ó láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí oorun yóò fi gbé òun lọ. Iná pupa kékeré kan wà ní igun òkè fóònù náà tí ó máa ń ṣẹ́jú bí iṣẹ́ bá ti wọlé. Mo fẹ́ràn iná yẹn ju ẹran inú ọbẹ̀ lọ. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, a jẹ́ pé ẹnì kan níbì kan rántí mi nìyẹn.

Ní kíláàsì, n kò mọ̀wé tó àwọn tí ó mọ̀wé, n kò mọ bọ́ọ̀lù gbá, gìgísẹ̀ bàtà mi sì ti jẹ tán ní apá kan, débi pé mo máa ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ẹnu nìkan ni mo ní. Mo mọ yábìs. Bí mo bá ti la ẹnu, àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn á ti máa fi ọwọ́ di ikùn mú kí n tó sọ ọ́ tán.

Ọmọbìnrin kan wà tí n óò pè ní Àbẹ̀kẹ́ níbí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ń ta fùfú ní ọjà Bódìjà, òun náà a sì máa bá ìyá rẹ̀ sẹ́ ẹ ní ìdájí kí ó tó múra ilé-ìwé. Ẹni tí ó bá mọ fùfú mọ̀ pé òórùn rẹ̀ kì í fi ọwọ́ ènìyàn sílẹ̀ bọ̀rọ̀, kódà bí a fi ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N kò bá Àbẹ̀kẹ́ jà rí. Kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Ó tilẹ̀ ti yá mi ní rúlà rí nígbà ìdánwò, mo sì gbàgbé láti dá a padà.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo jókòó lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé wa, mo sì kọ ọ̀rọ̀ kan bí ìkéde rédíò. Mo ní a ń kéde fún tọmọdé tàgbà pé fùfú kan ti sá jáde nínú kòkò, ó ti wọ aṣọ ilé-ìwé, ó sì ti gba ìjókòó kẹta ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Pé ẹni tí ó bá gbóòórùn rẹ̀ kí ó di imú mú, kí ó sì fi ìkéde náà ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá. Mo fi "Káì! Káì! Káì!" parí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni ó ti ṣẹ̀, mo kọ ọ́ sí orí rẹ̀ pé bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi ránṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn tí ń fi BC, ìyẹn iṣẹ́ kan náà tí a ń rán sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣọwọ́ nígbà náà, mo sì rán an sí gbogbo ẹni tí ó wà lórí BBM (ètò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ BlackBerry) ẹ̀gbọ́n mi tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ wa.

Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Àwọn tí wọ́n máa ń ka iṣẹ́ mi tí wọn kì í fèsì, tí mo máa ń rí i pé lẹ́tà D (ó ti dé) ti di R (wọ́n ti kà á) tí ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀, ni ó ń fi ẹ̀rín ránṣẹ́ sí mi lọ́tùn-ún lósì. Kí ó tó di aago mẹ́wàá, ìkéde náà ti jáde kúrò ní ilé-ìwé wa, ó sì padà sọ́dọ̀ mi láti ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé mìíràn tí kò mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n ti tún un ṣe. Orúkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ ní kíkún, ẹnì kan sì ti lọ yọ àwòrán rẹ̀ láti orí Facebook, ó fi ṣe DP, àwòrán tí ó máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. N kò ní purọ́: orí mi wú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe wọlé ni gbogbo ìlà ẹ̀yìn fi ọwọ́ di imú. Kò sunkún. Ó jókòó, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ojú ewé kan náà títí aago fi lù. Láti ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni kò fi wá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ni n kò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, ìyá Àbẹ̀kẹ́ wá sí ilé wa. Ẹjọ́ kọ́ ni ó bá wá. Oníbàárà rẹ̀ ni ìyá mi, ó sì máa ń kiri dé àdúgbò wa bí ọjà bá ti tú. Ó sọ abọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ka fùfú mẹ́fà, ó gba owó, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó ní, "Ìyá Kúnlé, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín kékeré àti ọmọ mi jọ wà ní kíláàsì. Ẹ bá mi bi í bóyá ó mọ ẹni tí ó ń kọ nǹkan nípa ọmọ mi sínú fóònù. Ọmọ náà kò jẹun. Ó ní kí n má ta fùfú mọ́. Kí ni n óò wá máa tà?"

Ìyá mi pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀ kí obìnrin náà. Ìyá mi ní, "Ṣé o mọ ẹni tí ó ṣe é?" Mo ní, "N kò mọ̀ ọ́n, mà." Àyà mi ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́. Obìnrin náà ṣàdúrà fún mi pé n óò gbó, n óò tọ́, pé ọmọ ẹni kò ní dójú tini. Fùfú yẹn ni a jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ẹ̀fọ́ ṣọkọ. Ì bá wù mí kí n kọ ọ́ síbí pé kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Ó gbà á.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń yẹ ọ̀rọ̀ ara mi wò, mo sì ti pinnu pé kì í ṣe ìkórìíra ni ó gbé mi dé ibẹ̀. Bí mo bá kórìíra Àbẹ̀kẹ́ ni, ǹ bá lọ bá òun nìkan, ǹ bá bú u lójú ara rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò rẹ́rìn-ín ni ojú mi wà. Ẹ̀rín ni owó iṣẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́ sì ni ohun tí mo ná kí owó náà tó lè wọlé. Ìbẹ̀rù sì tún wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ, tí ó ń fi fóònù ẹlẹ́yìn sísán ṣe fáàrí, mọ̀ dájú pé bí ẹ̀rín kíláàsì kò bá sí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, yóò wá sọ́dọ̀ òun. Mo mú ẹni tí kò lè bá mi pàdé lórí fóònù: Àbẹ̀kẹ́ kò ní fóònù rárá. Ẹlòmíràn ni ó fi ọ̀rọ̀ náà hàn án.

Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, mo ka ohun tí Dan Olweus sọ, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Sweden tí ó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Norway, tí ìwádìí rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970 sì jẹ́ ìpìlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ lónìí nípa bí ọmọ ṣe ń fìyà jẹ ọmọ. Ó ní a ó mọ̀ ọ́n nípa nǹkan mẹ́ta: pé ẹni tí ó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ṣe ìpalára, pé ó ń ṣe é léraléra, àti pé agbára àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Èkejì nínú rẹ̀ ni ó dá mi dúró lórí ìjókòó. Èmi kò ṣe é léraléra. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kọ ọ́. Fóònù ni ó bá mi ṣe ìyókù, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó fi ránṣẹ́ bá mi tún un bú, oníkálukú wọn sì lè búra pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun ṣe é.

Àwa ará Ìbàdàn kì í ṣe àjèjì sí èébú. Lọ́jọ́ ọdún Òkè Ìbàdàn, ọmọdé àti àgbà a máa fi orin bú ẹni tí ó bá wù wọ́n, orin tí ẹnu kò gbọdọ̀ kọ ní ọjọ́ mìíràn, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ bínú. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń pe ìyẹn ní ìwàkiwà. Èmi kò sí lára wọn. Ẹni tí ó kọ orin sí ọ, o rí ojú rẹ̀, ìwọ náà lè kọ tirẹ̀ padà, gbogbo ọjà á jọ rẹ́rìn-ín, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́ lọ́jọ́ kejì, kò sí ẹni tí ó tún gbọdọ̀ kọ ọ́ mọ́. Àwọn àgbà tí ó fi àyè gba èébú mọ̀ pé ó yẹ kí ó ní ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò tán. Èyí tí mo kọ lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé kò ní ọjọ́ kejì. Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà tí ó tún yọjú lórí fóònù ọmọ ìjọ wa kan, tòun ti Káì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ọdún 2022, ọ̀ràn náà tún wá bá mi, ṣùgbọ́n èmi ni olùkọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọkùnrin kan wà ní SS1 tí ó jẹ́ akólòlò. Ẹnì kan ya àwòrán rẹ̀ níbi tí ó ti ń gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì dì pọ̀, wọ́n sì fi ṣe sítíkà WhatsApp. Sítíkà ti wà lórí WhatsApp láti ọdún 2018, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sì lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp, ọmọ mọ́kànlélógójì ni ó wà níbẹ̀, òru ni wọ́n sì máa ń ṣe gbogbo rẹ̀ nítorí pé dátà òru ni kò wọ́n. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ, ojú ọmọ náà ni wọ́n fi ń dá a lóhùn.

Ilé-ìwé wa ṣe ohun tí ilé-ìwé máa ń ṣe. Wọ́n na ọmọ tí ó ṣe sítíkà náà ní ẹgba méjìlá lójú gbogbo ayé nígbà àdúrà òwúrọ̀. Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ pèpéle, mo sì rí ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò rí: bí ọmọ náà ṣe ń sọ̀kalẹ̀, tí ó ń fọwọ́ ra ìdí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo orúkọ rẹ̀, òun náà sì ń fi ojú wá ibi tí ẹ̀rín wà. A ti san owó iṣẹ́ fún un lẹ́ẹ̀kejì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀.

Mo bẹ ọ̀gá àgbà pé kí ó fi ọ̀rọ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Bàbá akólòlò náà ti bínú dé, ó tẹ òfin sínú ìwé wá: òfin orílẹ̀-èdè wa lórí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015, abala 24 bí ó ṣe wà kí wọ́n tó tún un ṣe ní ọdún 2024, tí ó ní ẹni tí ó bá ń fi kọ̀ǹpútà dààmú ẹlòmíràn lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura, tàbí kí ó san tó mílíọ̀nù méje náírà, tàbí méjèèjì. N kò bá a jiyàn, nítorí pé ohun tí ó wà nínú òfin ni ó kà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí ọmọ kan tí ó ń rántí abala òfin ní aago méjìlá òru tí iná fóònù bá ń ṣẹ́jú.

Ẹni tí ó ṣe sítíkà ni mo kọ́kọ́ pè. Kí n tó bèèrè ohunkóhun ni ó ti ní, "Krúùsì ni, sà," ìyẹn ni pé eré lásán ni. Mo ní kí ó ka ohun tí ó kọ sí abẹ́ sítíkà àkọ́kọ́ sí mi létí, kí ó máa wo ojú mi bí ẹni pé èmi ni ọmọ náà. Ìlà méjì péré ni. Kò parí ìlà kìíní. Ó gbójú sílẹ̀, ó ní, "Sà, kò dà bẹ́ẹ̀ nínú fóònù." Yorùbá ti ní ojú lọ̀rọ̀ wà kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé lé e lórí. Onímọ̀ ìhùwàsí ará Amẹ́ríkà kan, John Suler, ṣe àlàyé rẹ̀ ní ọdún 2004: pé nígbà tí a kò bá rí ara wa, tí a kò mọ orúkọ ara wa, tí ọ̀rọ̀ wa kò sì dé etí ẹni tí a ń bá wí lójú ẹsẹ̀, ìjánu tí ó wà lẹ́nu wa a máa tú. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ orúkọ ara wọn, wọ́n jọ ń jókòó lórí àga kan náà. Ojú nìkan ni ó sọnù, ìyẹn náà sì ti tó.

Lẹ́yìn ìgbà tí ó dákẹ́ díẹ̀, ó sọ èyí tí mo ti ń retí láti ọdún 2012. Ó ní nígbà tí òun wà ní JSS3, "Ìkòkò" ni wọ́n ń pe òun nítorí orí òun, gbogbo ọdún náà ni wọ́n sì fi pè é. "Sà, bí wọn kò bá fi i rẹ́rìn-ín, èmi ni wọ́n máa padà sí."

N kò tún ní kí wọ́n nà án. Àwọn tí ó rẹ́rìn-ín àti àwọn tí ó kàn ń wò ni mo pè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ní àsìkò ìsinmi ọ̀sán tèmi. Ìbéèrè kan náà ni mo bi gbogbo wọn: "Ìwọ, kí ni o tẹ̀?" Èsì àwọn tí ó rẹ́rìn-ín jọra débi pé mo lè kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó jókòó: "Mo kàn fi ẹ̀rín sí i ni, sà." Nígbà tí mo ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọmọ mẹ́rin péré ni ó ti fi sítíkà náà ránṣẹ́ rí. Mọ́kàndínlógún ni ó fi ẹ̀rín sí i. Àwọn yòókù wò ó, wọ́n dákẹ́, àwọn kan nínú wọn sì sọ fún mi pé inú àwọn kò dùn sí i, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé àwọn tí ó kù ń gbádùn rẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú wọn ni ó bi mí pé, "Sà, ṣé tí n kò bá fi ẹ̀rín sí i, wọn ò ní rò pé mo ń bínú?" Mo ní kí ó gbìyànjú rẹ̀ wò fún ọ̀sẹ̀ kan. N kò sọ fún àwọn mìíràn pé mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mẹ́jọ mìíràn. Kò sí ariwo, kò sí ìdálẹ́bi ní gbangba. Sítíkà ń wọlé, kò sí ẹni tí ó ń dáhùn. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti padà sí orí bọ́ọ̀lù.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ o. Mo ti rí ọmọbìnrin kan tí ó fi orúkọ èké ṣí ojú ewé kan láti fi ba ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ nítorí ọmọkùnrin. Ìbínú ni tirẹ̀, kò wá ẹ̀rín ẹnikẹ́ni, fífi ẹ̀rín dù ú kò sì lè dá a dúró. Àwọn òbí méjèèjì ni ó parí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú mẹ́wàá tí mo bá rí, bíi méje tàbí mẹ́jọ jẹ́ irú tèmi.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, UNICEF gbé èsì ìbéèrè kan jáde, èyí tí wọ́n bi àwọn ọ̀dọ́ tí ó lé ní 170,000 ní orílẹ̀-èdè 30, tí Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ẹnì kan nínú mẹ́ta ní wọ́n ti fòòró òun rí lórí ayélujára. Ẹnì kan nínú márùn-ún ní òun ti torí rẹ̀ pa ilé-ìwé jẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ wà ní yàrá olùkọ́ sọ pé ó pọ̀ jù, pé àwọn òyìnbó fẹ́ràn kí wọ́n máa ka nǹkan. Èmi ń ka ọjọ́ mẹ́jọ ní ọkàn mi.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìyàwó mi rán mi ní fùfú. Mo lọ sí Bódìjà, mo ń kọjá ní ìlà àwọn ẹlẹ́fùfú, n kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni, nítorí pé láti ọdún mọ́kànlá ni n kì í ti í wo ojú ẹnikẹ́ni ní ìlà yẹn. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi:

"Káì! Káì! Káì!"

Mo yíjú padà. Ó jókòó sídìí abọ́ ńlá méjì, ó ti sanra díẹ̀, ọmọ kan sùn sí i lẹ́yìn. Kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́." Ó ní, "O rò pé n kò mọ̀ ni? Wọ́n fi hàn mí lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo kà á tán. Ta ni ó tún ń kọ Káì mẹ́ta ní kíláàsì wa?" Ó jókòó sí ẹ̀yìn mi fún ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi. Ó bá mi pín ìwé ìṣirò kan náà.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ. Ó ní, "Bí mo bá dárúkọ rẹ, ìwọ nìkan ni wọ́n máa nà. Àwọn tí ó ń di imú ńkọ́?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, pẹ̀lú ti ìyá rẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ mi ọjọ́ náà, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe ń fi ọwọ́ lé eṣinṣin kúrò lára ọjà. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó bi mí pé, "Mélòó lo fẹ́ rà?"

Mo ní mẹ́fà. Ó ka mẹ́fà sínú ọ̀rá, ó gba owó rẹ̀, ó fún mi ní ṣéńjì. Kò fi èènì sí i, n kò sì béèrè.